Ojú Owó àti Èlé: Ilé Tíṣà kan ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin

Bí a bá bi ọmọ Ìjẹ̀bú léèrè ohun tí yóò fi owó gidi àkọ́kọ́ tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ṣe, ilé kíkọ́ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ì báà jẹ́ Èkó ni ó ti ń jẹun, ì báà jẹ́ òkè òkun, ilé tí ó bá kọ́ sí ìlú baba rẹ̀ ni ẹbí fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti wọ ìlú kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kí ènìyàn má rí ilé tí ó ti ga dé òkè fèrèsé, tí ó wá dúró gbagidi, tí ewéko sì ń hù nínú pálọ̀ rẹ̀. Owó ló tán. Òmíràn á dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹni tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ yóò fi fi ayé sílẹ̀, àwọn ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí bíríkì.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní sí Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó sì ṣe pè é níhìn-ín. Orí ilẹ̀ baba rẹ̀ ni ó kọ́ ilé náà sí. Owó àjọ àti ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó fi gbé e dé ibi tí ó dé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò burú rárá. Wọ́n sábà máa ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì owó tí ó bá ti fi pamọ́, wọn a sì máa yọ ọ́ díẹ̀ díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì owó kékeré, owó kékeré náà ni. Kò lè ra páànù, kò lè ra igi ìrólé, kí a má tíì sọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ní gbogbo àkókò yìí, yàrá méjì ni Tíṣà, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, onílé sì ń fi owó kún owó ilé ní ọdọọdún.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ó rán an létí pé owó kan wà tí ìjọba ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù. Òótọ́ ni. Ní ọdún 1992 ni ìjọba ológun ṣe òfin tí ó dá National Housing Fund sílẹ̀, tí òṣìṣẹ́ fi ń dá ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ìpìlẹ̀ rẹ̀ sínú àpò kan. Federal Mortgage Bank of Nigeria ni ó ń bójú tó àpò náà, báńkì tí ó ti wà láti 1956, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Nigerian Building Society. Ẹni tí ó bá ń dá owó yìí lẹ́tọ̀ọ́ láti yá owó kọ́lé tàbí rà á, ní èlé ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ó sì lè fi tó ọgbọ̀n ọdún san án, bí ọjọ́ orí rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ bá gbà á. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó ti ń dá owó yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba iṣẹ́, tí wọn kò béèrè ohun tí ó wà fún rí. Wọ́n kàn ń rí i nínú ìwé owó oṣù ni, wọn a sì mí kanlẹ̀.

Ìwé ilẹ̀ ni ó fẹ́ẹ̀ dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Láti ìgbà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, báńkì kì í fẹ́ gbọ́ ìtàn pé baba-ńlá ẹni ni ó kọ́kọ́ ro oko síbẹ̀. Ìwé C of O ni wọ́n ń fẹ́ rí. Rìsíìtì ẹbí àti ẹ̀rí àwọn àgbà kò tó wọn. Ní àkókò ìṣèjọba Gómìnà Ibikunle Amosun, láàárín 2011 sí 2019, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe ètò kan tí ó jẹ́ kí àwọn onílé tí kò ní ìwé lè rí ìwé gbà ní owó tí ó rọjú, ètò yìí ni Tíṣà sì bá wọlé. Ó rìn débi pé bàtà rẹ̀ jẹ. Nígbà tí ìwé dé, ó di báńkì. Nígbà tí báńkì gbà, wọ́n yá a ní 5,000,000 náírà fún ogún ọdún. Ó pé ọmọ ogójì ọdún nígbà náà. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ 35,822 náírà nínú owó oṣù rẹ̀, tí ó lé díẹ̀ ní 110,000. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni báńkì gbà pé ó pọ̀ jù lọ tí gbèsè ilé lè gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, tirẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀ gẹ́lẹ́.

Wọ́n kó wọ ilé náà kí ọdún tó parí. Kò tíì ní ọ̀dà, ara ògiri ẹ̀yìn kò tíì rí símẹ́ńtì, ṣùgbọ́n òrùlé wà lórí rẹ̀. Ìyá Tíṣà jó yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí 35,822 náírà yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò. Ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lórí mílíọ̀nù márùn-ún jẹ́ 300,000 lọ́dún, èyí tí í ṣe 25,000 lóṣù. Nítorí náà, nínú owó tí wọ́n kọ́kọ́ yọ, 25,000 ni èlé gbé mì, 10,822 péré ni ó sì kan ojú owó. Bí oṣù ti ń gorí oṣù ni èlé ń dín kù, tí èyí tí ó ń kan ojú owó sì ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìyípadà náà ń rìn bí ìgbín. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá yá owó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni. Bí ó ti wù kí ó kọ ebè tó, ojú owó dúró sí ààyè rẹ̀ títí ọjọ́ tí ẹbí bá kó o wá pé pérépéré. Samuel Johnson ṣàlàyé ètò yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ẹ̀yáwó báńkì sàn ju ìwọ̀fà lọ ní ti pé ojú owó ń dín kù. Síbẹ̀, ní ọdún mẹ́ta mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹni tí kò bá ṣírò rẹ̀ lè rò pé òun ń san ilé, nígbà tí ó jẹ́ pé oko olówó ni òun ń ro.

Fún ọdún méje, Tíṣà kò ṣírò rẹ̀. Owó ń jáde kí ó tó rí i, èyí tí ó kù ni ó ń ná. Ìyàwó rẹ̀ ń ta gaàrì níwọ̀nba ní iwájú ilé. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, ọmọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún 2023 ni Ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù ti lọ. Epo tí kò tó 200 náírà ní jálá kan ní ilé epo ìjọba fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ilé ẹ̀kọ́ Tíṣà wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilé rẹ̀ sì wà ní Ìmùṣin. Owó ọkọ̀ tí ó ń fi ọ̀sẹ̀ kan ná tẹ́lẹ̀ kò tó ọjọ́ mẹ́ta mọ́. Oṣù kò tíì dé ìdajì tí àpò rẹ̀ fi gbẹ. Oṣù yẹn gan-an sì ni Iléyá bọ́ sí, tí Ojúde Ọba tẹ̀ lé e.

Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú lè má mọ ohun tí Ojúde Ọba jẹ́ fún ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo regbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí Ọba Sikiru Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ tí ó wàjà ní oṣù Agẹmọ ọdún 2025, sọ jí, yóò tò níwájú ààfin ní Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú aṣọ kan náà, fìlà kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà. Àwọn ẹlẹ́ṣin a máa gun ẹṣin kọjá. Ọkùnrin tí ó bá wà nílé lọ́jọ́ yẹn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jó lọ sọ́dọ̀ ọba, ó dà bí ẹni tí kò dàgbà. Tíṣà ti ń bá wọn ra aṣọ láti ọdún pípẹ́. Kò lè rò ó pé òun yóò sọ pé òun kò ní owó ní ọdún tí òun ti di onílé.

Ilé iṣẹ́ kan tí ń yáni lówó lórí fóònù ni ó lọ bá, láìsọ fún ìyàwó. Wọ́n kọ 60,000 sí i lọ́rùn, 48,000 ni ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá sì ni wọ́n fún un. Ó wọ aṣọ, ó jó, wọ́n yà á ní fọ́tò. Aṣọ náà yẹ ẹ́, kí a má purọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé tí kò rí i san, àwọn ayánilówó náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo orúkọ tí ó wà nínú fóònù rẹ̀: sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, sí òbí àwọn ọmọ tí ó ń kọ́, sí ìyá ìyàwó rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé olè ni, pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kí ó sọ fún un kí ó wá san gbèsè.

Ìwà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ayé ọjọ́un, olówó a bẹ ológò lọ́wẹ̀, òun a sì wá jókòó ti ajigbèsè lẹ́nu ọ̀nà, a máa bú u, a máa gbé adìyẹ tí ó bá rí, títí ìtìjú yóò fi lé onílé jáde láti wá owó. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní dídógò tini, láti inú ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń sọ lónìí pé a fi ilé dógò ní báńkì. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ológò ayé àtijọ́, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó lè jókòó sí. Ti orí fóònù jókòó sí ẹnu ọ̀nà igba ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àjọ FCCPC ti gbé ìlànà jáde ní ọdún 2022 láti ká irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò, ṣùgbọ́n ìlànà kò lè pa àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó ti dé fóònù ìyá ìyàwó ẹni rẹ́.

Ìyàwó Tíṣà kò pariwo. Ó dúró títí àwọn ọmọ fi sùn, ó gbé àtùpà wá, ó mú ìwé ìkọ̀wé kan tí ọmọ wọn kò lò tán.

“Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jókòó. Kí ni gbogbo gbèsè tí ẹ jẹ? Ẹ má yọ ìkankan sílẹ̀.”

“Ìyá àwọn ọmọ, jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́.”

“Ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ ìyá mi. Ẹ sọ ọ́.”

Ó sọ ọ́. Òru ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ mú ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́ jáde, tí wọ́n sì kà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Àádọ́rùn-ún oṣù ni Tíṣà ti san. Gbogbo owó tí ó ti kó sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àti 220,000 náírà. Ojú owó tí ó kù nílẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àti 770,000. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo àárẹ̀ ọdún méje ààbọ̀, mílíọ̀nù kan àti 226,000 péré ni ó dín nínú ojú owó. Tíṣà, ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, bo ojú rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Láti òru náà ni ìwé ìkọ̀wé yẹn ti di ọba inú ilé. Ojú ewé òsì ni owó tí ó wọlé, ojú ewé ọ̀tún ni èyí tí ó jáde, ìyàwó ni ó sì ń kọ ọ́, kì í ṣe ọkọ. Gbèsè orí fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ pa. Ìyàwó ta ìró aṣọ òkè rẹ̀ kan láti fi san án, kò sì tíì jẹ́ kí ọkọ gbàgbé aṣọ náà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n dín jẹnẹrétọ̀ kù sí wákàtí méjì lálẹ́. Ẹran di ti ọjọ́ Àìkú. Ewùrà tí Tíṣà gbìn sí ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń fi se ìkókoré, tí owó oúnjẹ fi fúyẹ́ ní ìgbà tí iṣu tuntun ṣì wọ́n. Tíṣà bá olùkọ́ méjì tí ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìmùṣin dáwọ́ jọ lórí epo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan. Ní ti aṣọ ẹbí, ìyàwó ṣe òfin kan: “A ó bá wọn jẹun, a ó bá wọn jó, a kò ní ra aṣọ.” Òfin yìí ni ó ṣòro jù. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà kan kò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́rin nítorí ìsìnkú kan tí ó wọ aṣọ àlùmọ́ọ́nì rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ìṣúná nìkan kì í sọ owó di púpọ̀. Ó kàn ń dá a dúró kí ó má sá lọ ni. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìnnì ìṣirò ní ọjọ́ Sátidé fún àwọn ọmọ tí ń múra ìdánwò WAEC, nínú pálọ̀ tí kò tíì ní ọ̀dà. Ìyàwó ní tirẹ̀ fi gaàrì títà ní kóńgò kóńgò sílẹ̀, ó wọ inú yíyan rẹ̀.

Gaàrì Ìjẹ̀bú kì í ṣe gaàrì lásán, gbogbo ẹni tí ó bá ti fi omi tútù mu ún lọ́sàn-án mọ èyí. Kíkan rẹ̀ àti kíkúnná rẹ̀ ni iyì rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń fẹ́ sùúrù. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó gbé e lọ síbi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ín, a ó dì í sínú àpò, a ó sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan kí a tó fi jáàkì fún omi rẹ̀ tán. Ẹni tí ó bá kánjú tí ó yan án ní ọjọ́ kejì, gaàrì ni yóò rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú. Lẹ́yìn èyí ni a ó sẹ́ ẹ, tí a ó yan án nínú agbada lórí iná igi, tí èéfín yóò sì máa wọ ojú. Ìyàwó Tíṣà gba obìnrin méjì tí ń bá a bó ẹ̀gẹ́. Ọgbọ́n òwò rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ó ń yan án kó pamọ́ ní ìgbà tí òjò mú ilẹ̀ rọ̀ tí ẹ̀gẹ́ pọ̀, ó ń tà á ní ìgbà tí ẹ̀rùn bá mú ilẹ̀ le tí fífà rẹ̀ di ogun. Bí gaàrì bá gbẹ dáadáa, tí kò bá sí òjò tí ó jò lé e, kò ní bàjẹ́.

Nígbà tí ọdún 2023 fi ń parí lọ, 15,000 náírà ń kù lóṣù lẹ́yìn gbogbo ìnáwó. Ibẹ̀ ni ìjà gidi ti bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà ti ṣe ìṣirò. Bí wọ́n bá ń fi 15,000 yìí kún 35,822 lóṣooṣù láti oṣù Ṣẹẹrẹ 2024, tí wọ́n sì kọ̀wé sí báńkì pé ojú owó ni kí wọ́n fi dín, kí wọ́n má fi í pamọ́ de oṣù tí ń bọ̀, gbèsè yóò parí ní oṣù Òkúdù ọdún 2031 dípò oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2035. Ọdún mẹ́rin ààbọ̀ ni yóò jèrè, pẹ̀lú èlé tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600,000. Ó ti kọ lẹ́tà náà tán. Ó fẹ́ kí gbèsè kúrò lọ́rùn òun ṣáá, nítorí ẹni tí ológò ti jókòó tì rí kì í fẹ́ rí bébà báńkì mọ́.

Ìyàwó kọ̀ jálẹ̀. “Èlé mélòó ni báńkì ń gbà lọ́wọ́ yín?”

“Ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún.”

“Lọ́dún?”

“Lọ́dún.”

“Ẹ̀gẹ́ tí mo rà ní ìgbà òjò, èrè tí mo rí lórí rẹ̀ nígbà ẹ̀rùn ju ìdá mẹ́fà lọ dáadáa, kò sì tó ọdún kan. Owó yìí ni ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ gaàrì, kí ẹ lọ fún ẹni tí kò bèèrè rẹ̀?”

Tíṣà kò rí èsì fọ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin náà mọ́yán lórí ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ onísirò orílẹ̀-èdè, NBS, iye tí ọjà fi gbówó lérí láàárín ọdún kan jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024. Báńkì àpapọ̀, CBN, ti gbé ìwọ̀n èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.50 ní oṣù Bélú ọdún kan náà. Bí Tíṣà bá jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún fún báńkì oníṣòwò ní ìdá 25, èlé oṣù kan nìkan ì bá lé ní 104,000. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀yáwó ìdá 6 ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń sáré san án ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, ń fi owó tí ó lágbára san gbèsè tí ń rọ lójoojúmọ́ ni. Kì í ṣe gbogbo gbèsè ni ó yẹ kí a fi ìkánjú san. Ohun tí kò yẹ ni kí ọjọ́ rẹ̀ kọjá, nítorí ẹní bá yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà mìíràn.

Síbẹ̀, ẹ̀rù tí ń ba Tíṣà kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Gaàrì lè rin òjò. Ẹ̀rọ lè bàjẹ́, ara obìnrin tí ń jókòó ti iná lè má gbé e mọ́. Èrè tí ó wà nínú àpò ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè kọ sínú ìwé fún ọdún méje, ṣùgbọ́n gbèsè tí ó kúrò nílẹ̀ ti kúrò nìyẹn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà náà wà lábẹ́ ìwé ìkọ̀wé, ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án.

Níkẹyìn, wọ́n pín in. 7,500 lọ sórí ojú owó, 7,500 lọ sínú òwò gaàrì. Tíṣà tún lẹ́tà kọ. Pẹ̀lú ìdajì yẹn, oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2033 ni gbèsè yóò parí, ìyẹn nǹkan bí ọdún mẹ́ta ṣáájú kí Tíṣà tó pé ọgọ́ta ọdún. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn tó bí ó ti fẹ́, kò sì tẹ́ ìyàwó lọ́rùn. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ dé 77,000 ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, owó oṣù Tíṣà náà gbé pẹ́ẹ́lí, 35,822 sì dúró sójú kan, bí òkúta tí omi kún kọjá orí rẹ̀. Ìyàwó wo ojú ewé òsì, ó wo ọkọ, kò sọ nǹkan kan.

Ọmọ wọn àgbà ti wọ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní ojú ewé ọ̀tún, tí a fi bírò pupa kọ. Ní Ojúde Ọba ọdún 2025, Tíṣà lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú aṣọ ọdún 2023, ó dúró sí ẹ̀yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì jó. Àwọn kan wò ó. Nígbà tí ó padà dé Ìmùṣin ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ wà nídìí agbada, ó fi igbá sọ gaàrì sókè láti wò bí ó ti gbẹ tó, ó bi í pé mélòó ni owó ọkọ̀, ó sì nawọ́ sí bírò.